Àwọn Tó Jókòó Síwájú Katapílà Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé irọ́ ni gbogbo irú nǹkan báyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ka tèmi. Ẹ wá nǹkan mìíràn kà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà mí gbọ́ tipátipá, mi ò sì wá ẹni tó máa ṣàánú mi. Orí mi pé. Mi ò fẹnu kan ọtí rí láyé mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wa katapílà, mi ò tẹ adìyẹ pa rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, láàárọ̀, oòrùn ti là, àwọn èèyàn ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà lódìkejì títì.

Mo mọ̀ pé òru lẹ ń retí. Ì bá mà dáa ká ní òru ni. Ǹ bá ti sọ pé òkùnkùn ló tàn mí, ǹ bá sì rí oorun sùn.

Mi ò ní sọ orúkọ mi. Bàbá Sékínà ni wọ́n ń pè mí ní Ẹ̀gbẹ́dá níbi tí mò ń gbé, Bàbá Sékínà sì pọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ lè wá mi títí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Katapílà niṣẹ́ mi: mo máa ń fi la ọ̀nà, mo máa ń fi kó ìdọ̀tí, mo sì máa ń fi wó ilé. Ọ̀rọ̀ ilé wíwó ni mo bá wá.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Múfú. Òun ló máa ń bá Honorébù kan lágbègbè wa ṣe àwọn iṣẹ́ tí Honorébù fúnra rẹ̀ ò ní fẹ́ kí wọ́n bá òun nídìí ẹ̀. Ẹ mọ irú wọn, ẹ má díbọ́n. Honorébù yìí ló bá mi wá iṣẹ́ tí mò ń ṣe, Múfú ò sì jẹ́ kí n gbàgbé ẹ̀ rí. Tó bá ti pè, mo máa ń lọ ni.

Ọjọ́rú ló pè mí. Ó ní ilé kan wà ní Ìgàndó tí àwọn fẹ́ wó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pé Honorébù fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ńlá síbẹ̀. Ó ní kí n lọ wo ibẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, kí n mọ ibi tí mo máa gbà wọlé.

"Ṣé kò séèyàn níbẹ̀?" mo bi í.

"Ìyá arúgbó kan ni. Òun nìkan. Lọ wò ó, jàre, má da ọ̀rọ̀ sílẹ̀."

Ilé náà ò jìnnà sí títì tó ti Ìkòtún wá. Ilé àtijọ́ ni, alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́, páànù orí ẹ̀ ti dípẹtà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Wọ́n tún lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn. Mo sún mọ́ ọn. Ìwé kóòtù ni, òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé náà títí ẹjọ́ tó wà lórí ẹ̀ á fi parí.

Mo mọ̀wé kà. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Lára òpó iná tó wà níwájú ilé náà, pósítà Honorébù wà níbẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: àwòrán tiẹ̀ gbàgàdà, ó ń rẹ́rìn-ín, àwòrán bàbá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun lọmọ tó ń tọ ipasẹ̀ Bàbá Òmìnira. Mo ti ń rí pósítà yìí láti Ìyànà Ìpájà títí dé ẹnu ọ̀nà ilé mi. Mi ò béèrè rí pé ta ni bàbá náà.

Ìgbà tí mo yọjú sínú pálọ̀ ni mo rí àwòrán kan náà lára ògiri.

Àwọn àgbàlagbà bíi mẹ́wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà wà lára wọn, ọwọ́ ẹ̀ dúdú. Ìyá tó ń ta ẹja yíyan wà níbẹ̀, ọlọ́dẹ kan náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń kọ orúkọ ara ẹ̀. Ìyá arúgbó kan dúró síwájú wọn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, ẹ̀yìn wọn ò sì tẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Kú ìrọ̀lẹ́. Ìwọ ló máa wà á wá lọ́la?"

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Màmá ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa lọ sílé, wọ́n bu omi fún mi nínú kọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n jókòó. Ṣùgbọ́n ojú wọn ò bá mi ṣeré. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe máa ń fún àlejò lómi torí pé wọ́n kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ nílé, láìjẹ́ pé ó fẹ́ràn ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Màmá nawọ́ sí àwòrán ara ògiri. "Ṣé o mọ bàbá mi?"

"Mo máa ń rí wọn lára pósítà, mà."

"Ìyẹn kì í ṣe mímọ̀."

Wọ́n bá sọ ọ́ fún mi. Mi ò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ́ o.

Màmá ní tíṣà ni bàbá àwọn nígbà ayé òyìnbó. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó wà lágbègbè náà ń fipá kó àwọn èèyàn lọ la ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá lọ, á ní kí wọ́n nà án ní gbangba. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ gbé àdá, wọ́n ní àwọn máa lọ ká ajẹ́lẹ̀ mọ́lé. Bàbá Màmá gba àdá lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jù ú sínú kànga. Ó ní ṣe ni gbogbo àwọn máa lọ jókòó.

"Wọ́n lọ jókòó sílẹ̀ níwájú ilé òyìnbó yẹn," Màmá sọ. "Wọ́n tẹ́ ọwọ́ sórí orúnkún kó lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bú u, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ òkò, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dìde títí tó fi máa ṣe ohun tó tọ́."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó jókòó ò tó ogún. Ajẹ́lẹ̀ ní kí ọlọ́pàá lù wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti lé ní igba. Ọlọ́pàá tún lù wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni apá òsì Bàbá ṣẹ́, kò sì nà mọ́ títí tó fi kú. Obìnrin mẹ́ta kú síbẹ̀ lórí ìjókòó. Àwọn tó kù kàn sún mọ́ra, wọ́n dí àyè wọn.

"Òyìnbó náà ò lè jẹun mọ́," Màmá sọ. "Ó dí fèrèsé pa. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó kó ẹrù ẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwọn tó gbé ẹrù fún un ní ṣe ló ń sunkún."

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ju Bàbá sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti jáde, á gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀ láti ìlú dé ìlú, á máa sọ fáwọn èèyàn pé òmìnira ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé lóòótọ́, wọ́n ní kó wá gba ipò ńlá, wọ́n gbé mọ́tò wá bá a nílé. Ó dá mọ́tò padà, ó ní iṣẹ́ tíṣà òun ń dúró de òun. Inú pálọ̀ yẹn ló ti kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú pé ti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kàwé ni ilé náà, kì í ṣe ogún ọmọ òun kankan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá kan tó wà lókè òkun ló wá tà á fún Honorébù lẹ́yìn gbogbo wọn.

Mo dìde. "Màmá, wọ́n rán mi níṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀." Màmá gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá mi ò ní bá ẹ jà o. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù."

Mo lọ sílé. Mo jẹun. Mi ò sọ nǹkan kan fún ìyàwó mi.

Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti gbé katapílà débẹ̀. Múfú ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin bíi mẹ́jọ, àwọn kan mú igi dání, àwọn kan fi nǹkan sábẹ́ ẹ̀wù. Ìwé kóòtù ò sí lára ilẹ̀kùn mọ́. Múfú ti fà á ya, mo rí i nílẹ̀ lábẹ́ bàtà ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń gbé mi ṣépè. Obìnrin kan ní ọwọ́ tí mo fi ń wà á á rọ. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ gbà mí gbọ́. Kì í dùn mí mọ́.

Mo tan ẹ́ńjìnnì. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú ẹ̀ sókè. Mo kọjú ẹ̀ sí ilé.

Bàbá arúgbó kan jókòó sílẹ̀ níwájú mi.

Mo ti wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, kò séèyàn. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà. Ó ká ẹsẹ̀ jọ. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún sórí orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ọwọ́ òsì ò nà dé orúnkún. Ó ká mọ́ àyà ẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó gbọ́mọ.

Mo fọn fèrè. Bàbá ò gbójú sókè. Múfú ló yíjú sí mi.

"Ta lò ń fọn fèrè fún?"

"Bàbá tó jókòó yẹn. Ẹ ní kí wọ́n dìde."

"Bàbá wo?"

Mo nawọ́. Ó wo ibẹ̀, ó wò mí. Ó ní orí mi ti dàrú.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Àwọn ọmọkùnrin Múfú ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kó bẹ́ǹṣì jáde nínú ilé. Kò sí ìkankan nínú wọn tó rí bàbá yẹn. Síbẹ̀, kò sí ìkankan tó gba ibi tó jókòó sí kọjá. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á yà díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń yẹra fún omi ìdọ̀tí, wọ́n á tún padà sójú ọ̀nà wọn. Ẹnì kan tiẹ̀ ń bá ẹnì kejì ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, kò wolẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ yà fúnra ẹ̀.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo sọ̀kalẹ̀.

Màmá Tíṣà ti jáde sí ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n bá rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ katapílà. Wọ́n bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn tó kù ò gbọ́.

"Mélòó lo rí?"

"Ẹnì kan, mà."

"Wọ́n á pọ̀ sí i."

Màmá yí padà, wọ́n lọ jókòó sílẹ̀. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ibi tí àwọn jókòó sí àti ibi tí bàbá yẹn wà, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá Màmá rí i. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí ni.

Múfú bú sí ẹ̀rín. Ó ní káwọn ọmọkùnrin ẹ̀ gbé ìyá náà kúrò. Màmá ò bá wọn jà. Màmá kàn tú ara wọn sílẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé wọn, èèyàn kékeré tó rù gbẹ, òógùn sì ń bọ́ lójú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n lọ ju Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ará àdúgbò figbe ta. Àwọn ọmọkùnrin Múfú gbé igi sí wọn, àwọn èèyàn bá sún sẹ́yìn.

"Wà á," Múfú sọ fún mi.

"Múfú, bàbá yẹn ṣì wà níbẹ̀."

Ó tì mí padà sórí katapílà, òun náà gùn ún tẹ̀ lé mi, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó mi. Ó ki nǹkan líle kan mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tutù. Ó fi ẹnu sí etí mi. "Tó ò bá wà á, èmi á wà á. Ìwọ ló máa wà lábẹ́ ẹ̀."

Mo tan ẹ́ńjìnnì. Mo wo iwájú.

Wọ́n ti di méje.

Mo ṣẹ́jú. Wọ́n ti kún iwájú ilé láti ògiri dé ògiri. Tọkùnrin tobìnrin, ìró àti bùbá àtijọ́, àwọn kan wọ ẹ̀wù tó ti ya. Gbogbo wọn ká ẹsẹ̀ jọ, gbogbo wọn tẹ́ ọwọ́ sórí orúnkún. Obìnrin mẹ́ta jókòó síwájú pátápátá, gèlè wọn pọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán láti orí wọn bọ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọn ò nù ún. Ojú wọn ò le, kò sì rọ̀. Wọ́n kàn ń wò mí. Ní báyìí, Bàbá náà ti gbójú sókè, ó ń wò mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀yin ì bá ti fò bọ́ sílẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ohun tútù yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyàwó àtọmọ wà nílé.

Mo di ojú mi. Mo ti jíà síwájú.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí katapílà bá gun nǹkan. Mo mọ ti òkúta, mo mọ ti gbòǹgbò igi. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, mo ti wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, òkúta kan ò sí níbẹ̀. Katapílà gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Mo kà á dé mọ́kànlélógún, mi ò lè kà á mọ́.

Kò sí ẹni tó pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ká ní ẹnì kan ké pe ìyá ẹ̀, ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Wọn ò ṣe hùn.

Ilé náà ò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo wẹ̀yìn. Kò sí òkú, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ojú ṣéènì katapílà wà nínú yẹ̀pẹ̀, ó rìn wá láti ẹ̀bá títì, ó dé ibì kan, ó dáwọ́ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lódìkejì, nítòsí ògiri tó wó. Láàárín ibi méjèèjì yẹn, ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, àyàfi ojú ìdí àwọn tó jókòó. Ó tẹ̀ síbẹ̀ róbótó róbótó, ó pọ̀ lọ bí ìlú.

Múfú rí i. Mo rí i tó rí i. Ó ní kí wọ́n wá ọkọ́, kí wọ́n fi da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá dé ilé mi.

Mò ń lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìrun àsùbáà, ilẹ̀ ti ń mọ́. Ó jókòó sẹ́yìn géètì, nínú ọgbà, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Mo sáré padà wọlé, mo kírun níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa yí po, obìnrin mẹ́ta yẹn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń sún mọ́ ilé. Mi ò rí wọn kí wọ́n rìn rí. Màá kàn jí ni, wọ́n á ti wà níwájú ibi tí wọ́n wà lánàá.

Ìyàwó mi ò rí wọn. Ó ní ìrònú ló ń dà mí láàmú. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ó gbálẹ̀ ọgbà tán, mo jáde, mo wo ilẹ̀. Ó gbá gbogbo ẹ̀, ó fi ibì kan sílẹ̀ róbótó, ó tún fi òmíràn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé géètì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbá ibẹ̀. Ó ní, "Ibo? Ṣé mo fi ibì kankan sílẹ̀ ni?" Kò mọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kò mọ̀.

Mo pe ááfà. Ó ka Kùránì, ó wọ́n omi sí kọ̀rọ̀ ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ibẹ̀ mọ́. Nígbà tó ń lọ, mo ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó tún yà, títí ó fi jáde.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, Múfú wá bá mi níwájú mọ́ṣáláṣí. Ó ti rù. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wú, ó fi aṣọ dì í. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé wọ́n ń jókòó lọ́dọ̀ tìẹ náà?"

Mo wo aṣọ tó fi di ọwọ́ ẹ̀.

"Mo ti lù wọ́n. Mo ti yìnbọn sí wọn. Wọn ò dìde. Mo kó lọ sí Àgbàdo, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó dé." Ó di ọrùn ẹ̀wù mi mú. "Kí ni wọ́n ń fẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Tó o bá lọ sọ fún kóòtù pé èmi ni mo ya ìwé yẹn, màá pa ẹ́." Omi wà lójú ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó lọ. Mi ò tíì fojú kàn án mọ́. Ìyàwó ẹ̀ ní ó ti ara ẹ̀ mọ́ yàrá, kì í jáde.

Ìgbà tó sú mi, mo wá Màmá Tíṣà lọ. Ìjọ wọn fún wọn ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Màmá ò ní kí n dìde. "Kí n bẹ̀ wọ́n pé kí ni? Ṣé wọ́n fọwọ́ kàn ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé wọ́n bú ẹ?"

"Rárá, mà."

"Kí ni wọ́n wá ṣe fún ẹ?"

Ẹ bá mi dáhùn, àbí kí ni kí n sọ? Pé wọ́n jókòó?

"Ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù," Màmá sọ. "Honorébù ní kò sí ìwé kankan lára ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ya ìwé mọ̀. Ẹni tó kà á náà mọ̀."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn ò tì í gbàmù. Wọ́n rọra tì í ni, ó sì burú ju kí wọ́n gbá a mọ́ mi lójú lọ.

Lọ́yà Màmá ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Honorébù náà ti ránṣẹ́. Ẹni tó rán wá bá mi níbi iṣẹ́, ó ní Honorébù ń kí mi, ó tún dárúkọ iléèwé tí ọmọ mi ń lọ, ó dárúkọ ọ̀nà tó máa ń gbà bọ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí ni kóòtù máa jókòó. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lọ. Mo ń bẹ̀rù àwọn alààyè, mo ń bẹ̀rù àwọn òkú, mi ò sì mọ èyí tó yẹ kí n bẹ̀rù jù.

Ní àná, wọ́n wọ pálọ̀. Láàárọ̀ òní, wọ́n ti wà nínú yàrá mi. Ìyàwó mi mú ọmọ lọ sílé ìyá ẹ̀, ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe òun nínú ilé náà, àyè kàn ń há òun mọ́ ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo ń kọ èyí. Ọ̀sán ni, fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo ń gbọ́ ẹni tó ń polówó ọsàn ní títì. Mo ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Kò sí ibi tí mo lè gbé wọn sí nílẹ̀. Bàbá wà níwájú pátápátá, orúnkún ẹ̀ kan igi bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń rán níṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀gá tí ẹ ò lè sọ rárá fún, ẹ fetí sí mi. Tí ẹ bá dé ibì kan láti lọ fipá gba nǹkan, tí wọ́n bá gbé igi sí yín, ẹ lè sá. Tí wọ́n bá ṣépè fún yín, ẹ lè wá àdúrà sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ẹnì kan tó jókòó sílẹ̀ níwájú yín, tó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ rí i pé òfìfo ni, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan síwájú sí i.

Kò ní dìde.